Ìdí Tí Ọ̀gá Rájì Fi Ń Bi Ọ́ Pé "Yóò Kí Ni?"

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Ajé, lówùúrọ̀.

Àkànní, ọmọ mi dáadáa,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Dírẹ́bà ọkọ̀ Sàríà ló fi lé ìyá rẹ lọ́wọ́, kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí ìyá rẹ fi já a. Orí ìdúró ló ti kà á. Nígbà tó dé ibi tí o ti sọ pé wọ́n ti gbà ọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́tò ní bárékè, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó fi ìwé náà bojú, ó ń rẹ́rìn-ín sínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì rò pé ẹkún ni. Ó ti sáré jáde láti wá bá a kẹ́dùn kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó wọlé wa tí kò tíì gbọ́ pé ọmọ Àṣàbí ń tún lọ́rì sójà ṣe. Bí ẹni náà bá ní òun ti gbọ́ lánàá, ìyá rẹ á ní kó jókòó kó tún un gbọ́.

Èmi náà yọ̀, mo yọ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. N kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni nítorí rẹ, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tó ti kú síwájú rẹ, o sì mú kó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ara rẹ lo fi gba iṣẹ́ náà. O kú oríire.

Àmọ́ ojú ewé kejì lẹ́tà rẹ ni mo fẹ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti yí padà. O ní Ọ̀gá Rájì tó jẹ́ olórí ṣọ́ọ̀bù yín kì í jẹ́ kí o gbé sípánà bó bá ti rán ọ níṣẹ́. Á kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Yóò kí ni?" Ìwọ á wá gbé ọwọ́ lé ohun tó fẹ́ kí o ṣe, wàá sì sọ ọ́ jáde ní gbólóhùn tó pé, lójú gbogbo èèyàn, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìwọ tí o gba ìwé ẹ̀rí ní Kàdúná. O ní àwọn yòókù máa ń rẹ́rìn-ín bí Yorùbá rẹ bá dé ìdajì tí Hausa bá gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. O ní o rò pé Yorùbá rẹ tí kò dán mọ́rán ni bàbá náà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé bí oṣù yìí bá parí, wàá kọ iṣẹ́ bárékè sílẹ̀, wàá gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábóńgàrí. Nísàlẹ̀ lẹ́tà, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, o wá béèrè nípa abọ́ tánganran pẹlẹbẹ kan tó rọ̀ sára ìṣó lókè àpótí irinṣẹ́. O ní ó jọ òògùn ẹnìkan.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bú sẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti jókòó. Má bínú. Ìyá rẹ wò mí, ó ní, "Ó yá o. Ọjọ́ ti pé. Sọ fún ọmọ rẹ."

Abọ́ yẹn kì í ṣe òògùn, Àkànní. Èmi ni mo sọ ọ́ di pẹlẹbẹ. Èmi náà sì ni Yóò.

Ó yá, fara balẹ̀ kà á.

O mọ̀ pé Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi àti ìyá mi ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ sílé ìwé. Yorùbá tí mo gbọ́ nílé kò ju ti oúnjẹ, ti ìbáwí àti ti àdúrà lọ. Mo mọ "wá jẹun." Mo mọ "ṣé orí rẹ pé?" Mo mọ "Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ." Kò sí mọ́tò nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi ní iṣẹ́ mọ́tò. Nígbà tí mo wá bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Sàríà, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, mo mọ inú ẹ́ńjìnnì bí mo ṣe mọ yàrá mi, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Bárékè gbà mí kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Òyìnbó ṣì ni ọ̀gá àwọn sójà nígbà náà. Iṣẹ́ wọn kò tó ti ojoojúmọ́ fún àwa tí kì í ṣe sójà, nítorí náà Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé ni a ń lọ, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Láwọn ọjọ́ yòókù, mo ń bẹ ní Sábóńgàrí lábẹ́ igi dọ́gọ́nyárò, mo ń tún lọ́rì àwọn ẹlẹ́pà ṣe.

Ọ̀gá Rájì kò tíì ní irùngbọ̀n funfun nígbà yẹn. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń sọ Yorùbá sí àwa, ó ń sọ Hausa sí àwọn sójà, ó sì ń sọ ohun tí òun nìkan mọ̀ sí òyìnbó. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í gbé ohùn sókè. Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni orí rẹ̀ máa ń wà bó bá ń rán ni níṣẹ́, ọ̀rọ̀ á sì máa ti inú irin jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Ìdajì ohun tó ń sọ kò yé mi. Kí ni mo wá ń ṣe? Mo ń dá a lóhùn pé "Yoo." Ní Kùmásí, ohun tí èèyàn ń sọ nìyẹn bó bá gbà, bí àwọn Hausa ṣe ń sọ "tò." Ó ní kí n gbé jáàkì wá, mo ní yoo. Ó ní kí n má gbé e wá mọ́, mo ní yoo.

Ní ọjọ́ kẹta, ó yọ orí jáde nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò mí.

"Yóò kí ni?" ló sọ.

"Yoo, ọ̀gá."

"Mo gbọ́. Yóò lọ ni, àbí yóò bọ̀? Àwọn èèyàn máa ń parí gbólóhùn wọn níbí."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Yóò. "Yóò, gbé gíríìsì wá." "Yóò, oúnjẹ ti dé." Dírẹ́bà kan wà, sójà Hausa tí wọ́n ń pè ní Kọ́pùrù Dánládì, tó gbà pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn. "Sannu, Malam Yoo," ló máa fi ń kí mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín lójú wọn. Nínú mi, ó ń ta mí. Mo pinnu pé n kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kí wọ́n má baà tún rí ohun fi rẹ́rìn-ín. Dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀, ọmọ mi, kí o sì wò ó bóyá kò jọ ohun tó ń ṣe ọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, n kò sì ní èyí tó jù ú lọ. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọ, sọ pé kò yé ọ. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, iṣẹ́ á sì wà bó ṣe yẹ kó wà. Èmi tí mo sá fún ẹ̀rín, wo ibi tí mo sá dé.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nígbà ọyẹ́. Dánládì gbé lọ́rì ńlá kan wá, ó ní búrékì ọwọ́ rẹ̀ kò mú mọ́. Ọ̀gá Rájì wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi waya búrékì náà hàn mí.

"Ó ti ń yọ̀," ló wí. "Nọ́ọ̀tì ẹnu rẹ̀ nìyí. Dè é."

Ó sì bá tirẹ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀ mìíràn.

Ìwọ tí o dàgbà sí Sàríà, o lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí, torí náà màá kọ ọ́ kedere. Dè é: mú un le. Dẹ̀ ẹ́: mú un rọ̀. Ọ̀kan lòdì sí ìkejì pátápátá, ìyàtọ̀ wọn kò sì ju bí ẹnu ṣe là tó. Èmi kò mọ̀ pé "dè" wà láyé. Bí ìyá mi bá fẹ́ kí n di nǹkan, á ní kí n so ó. Ṣùgbọ́n mo mọ "dẹ̀" dáadáa, torí gbogbo ìgbà tí ẹ̀bà bá pọ̀ lómi ni ìyá mi ń sọ pé ó ti dẹ̀ jù. Nítorí náà, ohun tí mo mọ̀ ni mo gbọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé iṣẹ́ tí mo kọ́ sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Búrékì tí kò mú, ta ló ń tún un dẹ̀ sí i? Mo mọ̀. Mo dùbúlẹ̀ lábẹ́ lọ́rì, sípánà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń rò ó pé èyí kò jọra. Àmọ́ mo tún rò pé bóyá ti sójà yàtọ̀. Mo rò pé bí mo bá jáde lọ béèrè, wọ́n á tún ní "Yóò kí ni?" Mo dẹ̀ ẹ́. Mo yí nọ́ọ̀tì náà títí waya fi rọ̀ wálẹ̀ bí okùn ṣòkòtò àwọn arúgbó. Mo jáde, mo nu ọwọ́, inú mi dùn pé mo ti parí kí wọ́n tó pè mí.

Dánládì kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé lọ́rì náà gun orí òkè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n máa ń tò wọ́n sí bí wọ́n bá ti dára. Ó fa búrékì ọwọ́ sókè, kò fi jíà sí i, torí wọ́n ti sọ fún un pé búrékì ti dára, ó sì lọ wá obì rà. Lọ́rì náà dúró. Mo rò pé ó ń rò ó wò ni.

Nísàlẹ̀ òkè yẹn gan-an, lẹ́yìn lọ́rì, ni oòrùn ti máa ń mú jù lọ́sàn-án ọyẹ́. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Rájì tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, ó jókòó, ó ń jẹ màsà nínú abọ́ tánganran rẹ̀ tó ní òdòdó pupa létí. Àkókò ìrun kù díẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó mú bútà rẹ̀, ó lọ pọn omi àlùwàlá. Kò tíì rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ nígbà tí lọ́rì parí ìrònú.

Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kì í pariwo. Èmi nìkan ni mo rí i. Mo sáré, mo sì fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tó wá sẹ́nu mi, kò sí ti Hausa, kò sí ti òyìnbó. "Yoo, yoo," ni mò ń ké bọ̀. Wọ́n rò pé orúkọ ara mi ni mò ń pè.

Ó gun ẹní. Ó gun abọ́, abọ́ náà dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gba orí pápá kọjá, ó wọ inú okùn mẹ́ta tí ìyá kan tó ń fọṣọ fún àwọn sójà sá aṣọ sí, ó já okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó kákí wọn lé orí, ó sì lọ fi ìdí ti ọgbà zana, ẹní koríko tí wọ́n fi ṣe ilé adìẹ. Ibẹ̀ ló dúró sí, bí ẹni tó délé. Àwọn adìẹ fò jáde. Lọ́rì náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti ṣòkòtò péńpé tí n kò mọ iye rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó farapa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lónìí bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Adìẹ kan ló pàdánù ìrù.

Mo dé ìdí lọ́rì, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọbìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn aṣọ tútù, ó mú ṣòkòtò sójà kan dání, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ló ń wa mọ́tò yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń wà á," mo dáhùn.

"Ó dá rìn wá?"

"Yoo."

"Yóò kẹ̀? Ó ti rìn tán. Àbí ó tún ń lọ síbìkan ni?"

Ó kó aṣọ tútù náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbà. Ìyá mi fọ ìwọ̀nyí láti àárọ̀. Ìwọ lo máa tún un fọ̀." Hausa ló fi parí rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síbí, torí ẹni tó sọ wọ́n ń ka ìwé yìí lẹ́yìn èjìká mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, Àkànní. Ìwọ máa ń béèrè bí èmi àti ìyá rẹ ṣe pàdé, a sì máa ń sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ló pa wá pọ̀. A kò parọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ aṣọ sójà pẹ̀lú omi ọyẹ́, títí awọ ìka mi fi ń bó. Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún Yorùbá mi ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí aṣọ tó kù láti fọ̀, mo sì tún lọ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò tíì yọ́nú sí mi nígbà náà, pé òun kàn ń wò ó bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ ni. Mo ti kọ ọ́.

Ó yá, jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Rájì. Ó dé pẹ̀lú bútà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ipa táyà lórí ẹní, ó wo abọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kírun rẹ̀ tán, ó pè mí wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ti ń ro bí màá ṣe padà sí Kùmásí.

"Kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Ẹ ní kí n dẹ̀ ẹ́."

"Èmi ní kí o dè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dẹ̀ ẹ́."

"Dè."

"Dẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ká bùbá rẹ̀ sókè, ó mú okùn ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó fà á le. "Dè," ló wí. Ó tú u, ṣòkòtò náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sílẹ̀. "Dẹ̀," ló wí. Ó tún fà á. "Dè." Ó tún tú u. "Dẹ̀. Èwo ni ìwọ fẹ́ kí n wọ̀ jáde lọ bá òyìnbó?"

"Dè, ọ̀gá."

"Ó yé ọ?"

Mo ti la ẹnu pé "yoo" nígbà tó na ìka sí mi.

"Yóò kí ni?"

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń wò mí bí ẹni tó nílò ìdáhùn. Mo gbé ọwọ́ lé okùn ṣòkòtò tèmi, mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "Yóò yóò dè é. Yóò kò ní dẹ̀ ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí lọ́rì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn níṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ̀rín náà gba èmi náà, mo sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí òyìnbó wọlé wá béèrè ẹni tó tún búrékì yẹn ṣe, bó ṣe bá wa nìyẹn, àwa méjèèjì di okùn ṣòkòtò wa mú. Ọ̀gá Rájì sọ fún un pé ẹ̀bi òun ni, òun ló ń sọ̀rọ̀ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò dárúkọ mi.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ láìbi í ní ìbéèrè yẹn. Kì í ṣe ìwọ nìkan, Àkànní. Wò ó dáadáa lọ́la. Á bi àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́wàá. Bí ọ̀gá sójà bá sì rán òun fúnra rẹ̀ níṣẹ́, á gbé ọwọ́ lé nǹkan náà, á sọ ọ́ padà fún un. Ó fi abọ́ kọ́ sára ògiri kí òun má baà gbàgbé. Èmi sì bẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo ń kúrò níbẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tí Yóò jẹ́. Ó ṣèlérí. Ọmọ bíbí inú mi wá dúró níwájú rẹ̀, orúkọ mi wà lára orúkọ rẹ̀, ó ń bínú sí i, ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi tu ọmọ náà lójú, kò sọ ọ́. Ẹni tí o fẹ́ fi sílẹ̀ ní ìparí oṣù nìyẹn.

Mo ti kọ púpọ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ kọ èyí, jẹ́ kí n fi àwọn tó kù kún un.

Ìwọ ti ní ṣọ́ọ̀bù méjì báyìí, má jẹ́ kí ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Ní Sábóńgàrí, nọ́ọ̀tì lè sọnù kí a fi waya dì í títí di ọ̀la. Mo gbé àṣà yẹn lọ sí bárékè lẹ́ẹ̀kan. Dánládì rí waya náà, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bi mí ní pẹ̀lẹ́ iye èèyàn tí mo rò pé ó ń jókòó lẹ́yìn lọ́rì òun. Mo tú u, mo wá nọ́ọ̀tì gidi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún gbé àṣà bárékè lọ sí Sábóńgàrí. Mo kọ̀ láti fọwọ́ kan lọ́rì ẹlẹ́pà kan àfi bí ojúlówó irin bá ti Kánò dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò ti ń rọ̀, onílọ́rì wá bá mi, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀pà mi ti ń hù." Mo fi waya dì í lọ́jọ́ náà. Ibi tí o bá wà ni kí o wò, kí o tó wo ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Má sálúùtù fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. O kì í ṣe sójà. Èmi ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú sípánà ńlá lọ́wọ́, àpá rẹ̀ ló wà níwájú orí mi tí o máa ń rò pé mo ti orí igi ṣubú. Kí wọn dáadáa, "sannu da aiki," ẹ kú iṣẹ́ wọn, ti tó. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ jẹun, jókòó jẹ ẹ́.

Ní ti Yorùbá rẹ, má tijú Hausa tó wà nínú rẹ̀. Ìlú tó tọ́ ọ ló fún ọ. Èmi náà kò ju Kùmásí nù. Àmọ́ máa kó ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ kan, kí o béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí o kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ìwé tèmi wà níbí, òróró mọ́tò ti mu ún. Dè àti dẹ̀ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. O rántí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi kọ̀wé sí ọ nígbà tí o wà nílé ìwé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀rín ìyá rẹ ló ń bà mí. Lónìí, mo kọ èyí ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, ìyá rẹ sì ti fi bírò pupa tún ibi mẹ́rin ṣe. Ó rẹ́rìn-ín ní gbogbo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ṣì wà láàyè.

Dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí bọ̀ mú páálí kékeré kan dání. Má tú u. Abọ́ tánganran tuntun ló wà nínú rẹ̀, òdòdó pupa ló wà létí rẹ̀, ìyá rẹ ló wá a kiri ọjà títí ó fi rí irú rẹ̀. Mú un fún Ọ̀gá Rájì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó máa fi jẹ màsà rẹ̀. Sọ fún un pé mo ti tú u sílẹ̀ nínú ìlérí yẹn. Kó sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹni tí Yóò jẹ́ àti ọmọ ẹni tó wà láàárín wọn, kí wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìwọ náà bá wọn rín in.

Ní ti ìparí oṣù, o ti dàgbà, n kò ní pàṣẹ fún ọ. Bí o bá fẹ́ lọ nítorí pé iṣẹ́ méjèèjì ti pọ̀ jù fún ọ, ìyẹn yé mi. Bó bá jẹ́ nítorí ìbéèrè yẹn ni, o ti wá mọ ibi tó ti wá. Mo kàn fẹ́ bi ọ́ bí ọ̀gá rẹ ṣe ń bi ọ́. Lọ sí ìdí èyíkéyìí tó bá wù ọ́ nínú àwọn lọ́rì yẹn, gbé ọwọ́ lé e, sọ ọ́ jáde ní gbólóhùn tó pé kí etí rẹ gbọ́ ọ, kí o tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ìyá rẹ ti ń retí dírẹ́bà Sàríà lẹ́nu ọ̀nà.

Àkànní yóò kí ni?

Èmi ni bàbá rẹ,
Yóò.